Àárẹ̀ tí Oorun Kì Í Lé Lọ

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ohun méjì tí kò dọ́gba. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò wí pé, "Ó rẹ̀ mí." Bí ènìyàn bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò lè jáde, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sọ fún ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀ pé, "Ó ń rẹ̀ ẹ́." Àárẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti iṣẹ́: oúnjẹ, omi ìwẹ̀ àti oorun òru kan ni oògùn rẹ̀. Àárẹ̀ kejì ni ti àìsàn: kì í lọ bí a kò bá tọ́jú ohun tí ó fà á. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ọ̀sẹ̀ yìí ni àìsàn kan tí ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn ka àárẹ̀ kejì yìí sí ti àkọ́kọ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni a ti pè ní ọ̀lẹ nígbà tí ó jẹ́ pé aláìsàn ni wọ́n.

Fibromyalgia ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn náà. Kò ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá ń bá a jà yóò wí pé ara ń ro òun láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé làkúrègbé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe làkúrègbé tí ń mú oríkèé wú, kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe àìsàn ọpọlọ bí ti wèrè. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, kì í ba egungun jẹ́, kì í sì í pa ènìyàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

BÍ AYÉ ṢE MỌ ÀÌSÀN NÁÀ

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1904, oníṣègùn ará Ìlú Ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Gowers fún irú ara ríro bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó fi hàn pé ó rò pé ẹran ara ni ó wú. Nígbà tí àwọn mìíràn wádìí fínnífínní, wọn kò rí ohun kan tí ó wú níbẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ tí à ń pè é lónìí, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìrora inú iṣan àti ẹran ara lọ.

Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ oríkèé àti iṣan fi ìlànà kan lélẹ̀. Wọ́n yan ibi 18 lára ènìyàn, wọ́n ní kí oníṣègùn máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Bí ìrora bá ti tàn ká ara aláìsàn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tí ibi 11 nínú 18 náà sì ń dùn ún, àìsàn yìí ni. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ń wí pé ìrora nìkan kọ́, pé àárẹ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ gan-an ni ó ń dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2010 ni ẹgbẹ́ náà yí ìlànà wọn padà. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn ti ń béèrè bí àárẹ̀ ti pọ̀ tó, bóyá aláìsàn ń jí ire, àti bóyá iyè rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ogún ọdún gbáko ni àárẹ̀ fi dúró sí ìta kí a tó pè é wọlé.

A ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bíi méjì sí mẹ́rin ni ó ní àìsàn yìí. Ọkùnrin lè ní i, ọmọdé pàápàá lè ní i, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin jù. Ó sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ orí 30 sí 50, èyí tí í ṣe àkókò tí iṣẹ́ ilé, ọmọ títọ́ àti òwò ṣíṣe pọ̀ jù lọ́rùn obìnrin. Nígbà mìíràn ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn líle kan, tàbí lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí lẹ́yìn ìdààmú ọkàn tí ó pẹ́. Ó sì máa ń wà nínú àwọn ìdílé kan ju òmíràn lọ.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA

Nínú ara wa ni àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí ń gbé ìròyìn láti ọwọ́, ẹsẹ̀ àti gbogbo ara lọ sí ọpọlọ. Bí ẹ̀gún bá gún wa, àwọn ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní ara ẹni tí ó ní àìsàn yìí, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń sọ ìròyìn kékeré di ńlá. Ó dà bí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí a yí ohùn rẹ̀ sókè kọjá ààlà: ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́ wẹ́rẹ́ yóò di ariwo tí ń dun etí.

Ní 2002, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ èékánná àtàǹpàkò àwọn aláìsàn yìí àti ti àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ wọn. Títẹ̀ díẹ̀ tí kò jẹ́ nǹkan kan fún àwọn tí ara wọn dá ni ó ń ru ibi tí a ti ń mọ ìrora sókè nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn. Nítorí náà, obìnrin tí ó wí pé, "Ó ń dùn mí," nígbà tí a kò rí egbò, kò purọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i.

Ti oorun ńkọ́? Ní 1975, Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, wo bí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti ń sùn. Wọ́n rí i pé nígbà tí ó yẹ kí oorun wọra jù lọ, apá kan ọpọlọ wọn ṣì ń ṣe bí ẹni tí ó lajú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú àwọn ènìyàn tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n, wọ́n ń fi ariwo dí oorun ìjìnlẹ̀ wọn lọ́wọ́ fún òru mélòó kan, láìjí wọn pátápátá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ó sì rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún sùn bí ó ti yẹ, ó fi wọ́n sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ti ojú di gbogbo òru, kí ó má sì sinmi.

LÁTI ÀÁRỌ̀ DI ALẸ́

Ìkíni àárọ̀ wa ni pé, "Ṣé a jí ire?" Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sùn, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó jí ire. Obìnrin tí ó ní àìsàn yìí lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, síbẹ̀ kí ó jí bí ẹni tí ó fi gbogbo òru ru ẹrù. Ara rẹ̀ yóò gan bí igi. Kí ó tó lè nà tán, kí ó sì dìde lórí ibùsùn, ó lè gbà á ju wákàtí kan lọ.

Nígbà tí ó bá dìde, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe láìronú sí i yóò di ohun tí ó ní láti ro. Apá tí ó gbé sókè láti di irun ọmọ rẹ̀ yóò wúwo bí ẹni pé a so òkúta mọ́ ọn. Fífún aṣọ ní omi yóò dun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá dúró pẹ́ nídìí ààrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Bí ó bá ń tajà, ó lè gbàgbé iye tí oníbàárà san, tàbí kí ó wá ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ dáadáa kí ó má rí i sọ. Kì í ṣe pé kò gbọ́n mọ́. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà tí ènìyàn ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní 2002, Siv Söderberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tí ó ní àìsàn náà, àti àwọn tí kò ní i, sọ ohun tí àárẹ̀ jẹ́ fún wọn. Àwọn tí ara wọn dá wí pé ohun tí ó bá ìṣẹ̀dá mu ni àárẹ̀: ènìyàn ṣiṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó sinmi, ó tán. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn yàtọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ara wọn bí ẹrù tí àwọn fúnra wọn ń rù, àti bí ohun ìdènà tí ó dúró láàárín àwọn àti gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Síbẹ̀ wọn kò sọ ìrètí nù pé yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ohun kan wà tí ó tún ń dá kún ìṣòro wọn, èyí sì ni ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́. Obìnrin tí ó ti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta yóò jí ní ọjọ́ kan, yóò rí i pé agbára díẹ̀ ti padà. Nítorí ojú ń tì í fún iṣẹ́ tí ó ti kó jọ, yóò fọ gbogbo aṣọ, yóò gbá ilé, yóò lọ sí ọjà, yóò sì se oúnjẹ fún ẹni mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kejì yóò tún wó lulẹ̀, bóyá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n rí i ní ọjà ní Sátidé, tí wọ́n sì bá a lórí ẹní ní ọjọ́ Ajé, yóò wí pé, "Ó ń díbọ́n ni." Wọn kò mọ̀ pé Sátidé náà ni ó ń san gbèsè rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

ẸRÙ KEJÌ: KÍ A MÁ GBA ÈNÌYÀN GBỌ́

Àìsàn yìí kò ní àpá. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò, yóò dára. Bí a bá ya àwòrán egungun rẹ̀, yóò dára. Ojú rẹ̀ lè máa dán. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń rìn láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, tí wọ́n ń lo oògùn ibà fún ibà tí kò sí, tí owó ọjà sì ń tán. Ní 1999, Söderberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àwọn obìnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ń jà kí iyì wọn má bàa sọnù. Ìyẹn ni pé wọ́n ń bá àìsàn jà, wọ́n sì tún ń bá ẹnu aráyé jà.

Ní ilé tiwa, ọkọ lè rò pé aya òun kò fẹ́ràn òun mọ́. Ìyá ọkọ lè wí pé ọ̀lẹ ni ọmọ òun fẹ́. Níbòmíràn, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni ó wà nínú rẹ̀, wọn á sì máa wo arúgbó kan tí kò ṣẹ̀ ní ojú ìfura. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti tú ilé ká. Obìnrin náà yóò dáwọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ dúró, kò ní í lè lọ sí òde mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ yóò dín kù, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá lóòótọ́ ni ohun kan ń ṣe òun. Kí a má rò pé ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ nìkan ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Lady Gaga, gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà, sọ ní gbangba pé àìsàn yìí ni ó ń ṣe òun, ó sì sún àwọn eré tí ó yẹ kí ó ṣe ní Yúróòpù síwájú.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ó jẹ́ fibromyalgia. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà, àtọ̀gbẹ, oyún, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn ẹ̀yà ara inú ọrùn tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, gbogbo wọn ni ó lè mú àárẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ní oògùn. Oníṣègùn ní láti yẹ ìwọ̀nyí wò ná. Bí ara gbígbóná, oríkèé wíwú, rírù láìnídìí, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà bá wà pẹ̀lú àárẹ̀ náà, kí a má ṣe jáfara rárá. Ó dára kí aláìsàn ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ibi tí ń dùn ún, bí ó ti jí, àti iṣẹ́ tí ó ṣe ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Ìwé náà yóò sọ fún oníṣègùn ohun tí aláìsàn lè gbàgbé láti sọ.

Èkejì, kí a má ṣe ra oògùn ìrora líle ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìjẹ́ pé oníṣègùn kọ ọ́. Àwọn oògùn líle bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn yìí ní oore, wọ́n sì lè sọ ènìyàn di ẹrú wọn. Títí di ìsinsìnyí kò sí oògùn kan tí ó lè wò ó tán pátápátá. Ṣùgbọ́n oníṣègùn lè fún aláìsàn ní oògùn tí yóò mú oorun rẹ̀ dára sí i, tí yóò sì dín ìrora kù. Wọn kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú oníṣègùn.

Ẹ̀kẹta, kí a máa mira. Èyí lè ya ènìyàn lẹ́nu: báwo ni a ó ṣe ní kí ẹni tí ó ti rẹ̀ máa ṣe eré ìdárayá? Ṣùgbọ́n ní 2016, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé àti iṣan ní Yúróòpù yẹ gbogbo ìtọ́jú wò, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n fi gbogbo ẹnu gbà níyànjú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí ó rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní àárọ̀, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ara bá gbà á, kí ó fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Bí ara bá kọ̀, kí ó dín in kù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kẹrin, kí ó máa ṣọ́ agbára ná. Ní 2003, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christine Miserandino, tí àìsàn mìíràn tí ń mú àárẹ̀ wá ń ṣe, fi ṣíbí ṣàlàyé èyí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kó ṣíbí díẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní iye agbára ọjọ́ kan nìyẹn. Wíwẹ̀ gba ṣíbí kan, wíwọ aṣọ gba òmíràn. Bí ṣíbí bá tán, ọjọ́ ti tán, bí oòrùn kò tilẹ̀ tíì wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní fibromyalgia ni ó ti gba òwe yìí lò. Nítorí náà kí obìnrin náà pín aṣọ ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó jókòó gé ẹ̀fọ́, kí ó jókòó bó ẹ̀gúsí. Kí ó sinmi kí àárẹ̀ tó dé, kí ó má ṣe dúró títí yóò fi dé. Ní ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́, kí ó ṣe ìwọ̀n tí ó máa ń ṣe, kí ó sì fi ìyókù pamọ́ de ọ̀la.

IṢẸ́ ÀWỌN ARÁ ILÉ

Gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí kò lè ṣeé ṣe bí ilé kò bá fọwọ́ sí i. Ọkọ ni yóò pín iṣẹ́ tí ó wúwo fún àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin: omi pípọn, aṣọ fífún, ata lílọ̀. Ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ gbẹnu sọ fún ìyàwó bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ọ̀lẹ, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ni àdúgbò ń gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbé ìpàdé wá sí ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa dá wà.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ni a yà sọ́tọ̀ ní gbogbo ayé láti máa la àwọn ènìyàn lóye nípa àìsàn yìí. Ọjọ́ náà ni a bí Florence Nightingale ní 1820, ìyá àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tí òun pàápàá lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibùsùn àìsàn, tí ó sì ń kọ ìwé láti orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró de ọjọ́ kan nínú ọdún. Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà ka ìwé yìí sí etí àwọn tí kò lè kà á, pàápàá àwọn ọkọ. Bí obìnrin kan bá sì wà ní ilé yín tí ara ti ń ro láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí kì í jí ire, ẹ má ṣe bá a wí mọ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ sì bá a wọlé lọ sọ ohun tí ojú yín ti rí. Ẹ̀rí yín lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí a gbà á gbọ́.